Gbogbo Aṣọ Kọ́ Ni À Ń Sá Sóòrùn: Ìtàn Aránṣọ Méjì ní Weybridge

Ní ìtẹ́ òkú abúlé Weybridge, ní ìpínlẹ̀ Vermont lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òkúta ibojì kan wà tí a kọ orúkọ obìnrin méjì sí: Charity Bryant àti Sylvia Drake. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kò sì bá ara wọn tan. Charity kú ní ọdún 1851, Sylvia kú ní 1868, síbẹ̀ abẹ́ òkúta kan náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n fi gbé pọ̀ bí tọkọtaya, láàárín àwọn àgbẹ̀ onígbàgbọ́ tí kò sẹ́ni tí kò mọ ilé ẹnì kejì rẹ̀. Ìwàásù ìgbà náà kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Báwo ni abúlé kékeré ṣe gbà á mọ́ra?

Ọdún 1777 ni wọ́n bí Charity ní North Bridgewater, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìkókó ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó dàgbà, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe káàkiri àwọn ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ó tètè mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní lọ́kọ; àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, lẹ́tà tí òun àti wọn ń kọ sí ara wọn sì kún fún ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé ni ẹbọ. Kò pẹ́ tí ó bá dé ìlú kan tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò sì di dandan kí ó tún kó ẹrù rẹ̀. Ilé baba rẹ̀ pàápàá kò gbà á. Bí ó ṣe ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, kò ní ibùgbé tí ó lè pè ní tirẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1807, ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Polly Hayward, ní Weybridge. Àbúrò Polly ni Sylvia, tí wọ́n bí ní 1784. Gbèsè ti run ohun ìní àwọn òbí Sylvia ní Massachusetts, ìdílé náà sì ti ṣí wá sí Vermont láti tún ayé wọn ṣe. Ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn ìwé ni, kò sì fi ìfẹ́ hàn sí àtilọ́kọ. Charity ń gba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ṣe, ó nílò olùrànlọ́wọ́, Sylvia sì ń bá a rán aṣọ. Nígbà tí Charity gba yàrá kan sí abúlé náà, Sylvia wá bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù keje. Ọjọ́ yìí ni àwọn méjèèjì kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó wọn, bí a bá lè lo ọ̀rọ̀ náà fún ohun tí àlùfáà kò so pọ̀. Nígbà tí ọdún 1809 fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kó sí ilé kékeré tiwọn.

Ibi tí ìtàn yìí ti nípọn jù ni ibi iṣẹ́. Aṣọ ọkùnrin ni wọ́n mọ̀ ọ́n gé jù, wọ́n sì máa ń rán an títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin agbègbè náà wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn méjèèjì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ń fi owó ran ìjọ lọ́wọ́, wọ́n sì jẹ́ àǹtí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò. Ta ni yóò lé ẹni tí ó rán aṣọ tí òun wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ìlú tí Charity ti jẹ́ àlejò ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti lé e. Ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti wúlò, ó rí àyè gbé.

Kì í ṣe pé àwọn ará Weybridge kò mọ̀. Ọkùnrin kan tí ó lọ rán aṣọ níbẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọdé kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ogbó rẹ̀ pé, láti kékeré ni òun ti ń gbọ́ pé àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn. Akéwì William Cullen Bryant, ọmọ ẹ̀gbọ́n Charity, tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn kan ní New York, kọ nípa wọn ní 1843 lẹ́yìn tí ó bẹ̀ wọ́n wò. Ó fi ilé wọn wé ilé tọkọtaya, ó ní àpò owó kan ni wọ́n ń ná, ó sì fi Charity hàn bí olórí ilé. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ fara jọ ìwà abúlé náà: wọ́n mọ̀, wọ́n bọ̀wọ̀ fún wọn, wọn kò sì pariwo.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ní iye tí wọ́n san lé e lórí. Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Sylvia kọ fi hàn pé ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ ń bà á, ó sì ń bẹ Ọlọ́run fún àánú léraléra. Charity fúnra rẹ̀ bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dáná sun lẹ́tà òun. Àánú ni èyí ṣe akọ̀tàn, nítorí ohùn Charity ìgbà èwe ni iná náà jẹ jù.

Àwọn ìwé tí ó ṣẹ́kù wà ní Henry Sheldon Museum ní Middlebury, ìlú kan nítòsí. Láti inú wọn ni akọ̀tàn Rachel Hope Cleves ti kọ ìwé rẹ̀ lórí àwọn méjèèjì, tí ó jáde ní 2014. Vermont fúnra rẹ̀ ti fi òfin gba ìgbéyàwó láàárín obìnrin méjì tàbí ọkùnrin méjì ní 2009, èyí tí ó ju ogóje ọdún lọ lẹ́yìn ikú Sylvia. Nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà ni àwòrán òjìji orí àwọn aránṣọ méjì náà wà. Wọ́n kọjú sí ara wọn, irun orí ènìyàn tí a hun sì yí àwòrán méjèèjì ká.