Sáà Engi ní Ilẹ̀ Jàpáànù

Ní ilẹ̀ Jàpáànù, wọn a máa sọ sáà ọba lórúkọ, orúkọ náà ni wọ́n sì fi ń ka ọdún. Láti 901 dé 923, nígbà tí Daigo wà lórí ìtẹ́, Engi ni orúkọ sáà náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 901 yìí, ọba lé Sugawara no Michizane kúrò láàfin. Akéwì ni, ìmọ̀ ìwé ló gbé e dépò gíga. Ìjòyè Fujiwara no Tokihira ló fẹ̀sùn kàn án pé ó ń gbèrò láti fi ọmọ-ọba mìíràn jọba. Wọ́n lé e lọ sí Dazaifu, ní erékùṣù Kyushu. Ibẹ̀ ló kú sí ní 903.

Tokihira kú ní 909. Kò tí ì pé ogójì ọdún. Nígbà tí Àrẹ̀mọ ọba tún kú ní 923, wọ́n ní Michizane ló ń bínú. Ẹ wá wo ọba! Ó dá oyè padà fún òkú, ó sì yí orúkọ sáà padà sí Encho. Lójú tèmi, ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi nìyẹn, bí kò tilẹ̀ fẹnu sọ ọ́. Ní 930, àrá sán lu ààfin, ó pa àwọn ìjòyè. Daigo náà kú lọ́dún yẹn.

Wọ́n kọ́ ojúbọ fún Michizane ní Kitano, ní Kyoto. Títí di òní, bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa rọ́ lọ síbẹ̀ láti tọrọ àṣeyọrí.