Bí Àrokò Ṣe Ń Yé Ẹni Tí Wọ́n Pa Á Sí

Igbá òfìfo kan tí wọ́n dé lọ́mọrí ni àwọn olórí ogun Ọ̀yọ́ fi ránṣẹ́ sí Aláàfin Aólẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ogun ni ọba rán wọn lọ jà, àmọ́ wọ́n yí padà mọ́ ọn. Àlùfáà Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921, sọ ọ́ láìfi bò pé orí ọba ni wọ́n fi igbá yẹn béèrè. Kò sí Aláàfin tí irú igbá bẹ́ẹ̀ lè rú lójú. Aólẹ̀ gégùn-ún fún àwọn tó kọ̀ ọ́, ó sì gba ikú.

Àrokò ni igbá yẹn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé àlọ́ lásán ni, pé kí ẹni tó bá gbà á máa méfò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń pa á ni pé kó yé ẹni tí wọ́n pa á sí yékéyéké, kó sì ṣókùnkùn sí ẹlòmíràn, títí kan ẹni tó gbé e lọ.

Èdè gan-an ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bí ọkùnrin bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin, ohun tó wí ni pé ọkàn òun fà mọ́ ọn. Bí mẹ́jọ bá padà wá bá a, inú rẹ̀ á dùn: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka owó náà látàárọ̀ dalẹ́, iye rẹ̀ nìkan ló máa mọ̀. Bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ tún ní ohun tó ń sọ. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Èyí tó wọni lára jù nínú àwọn tó wọ inú ìwé ni ti ọkùnrin Yorùbá kan tí ọba Dahomey mú nígbèkùn. Òkúta, èédú, ata àti àgbàdo yíyan ló di sínú àkísà, tó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní ara òun le bí òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀la òun dúdú bí èédú. Ọkàn òun ń ta bí ata, ìyà ti gbẹ òun bí àgbàdo orí iná, aṣọ ọrùn òun sì ti di àkísà. Lẹ́tà wo ló tún kù tí onítọ̀hún ì bá kọ?

Gollmer, ajíhìnrere ará Jámánì tó dé Badagry ní 1845, kọ̀wé lórí àrokò sínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Nígbà tó di 1887, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bloxam tún gbé ìròyìn òmíràn jáde níbẹ̀ lórí àrokò Ìjẹ̀bú, ó sì ní láti ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn òyìnbó. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ ketekete ní Ìjẹ̀bú ti di odi ní ìlú ọba.

Ìwé kíkọ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àrokò. Ní 1859 ni Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nígbà tó sì yá, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti fi ránṣẹ́ á wá akọ̀wé lọ.

Síbẹ̀, àrokò kò tíì parẹ́. Bí ọkọ̀ tó so màrìwò bá ń bọ̀ lọ́nà Ìbàdàn, àwọn awakọ̀ mọ̀ pé òkú ló gbé. Àgbẹ̀ tó kó iṣu rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà á pa ààlè sí i, ó lè jẹ́ ìkarawun ìgbín àti àkísà pupa, olè á sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ní àrokò lóòótọ́, àmọ́ bí ẹni ń há tábìlì ìṣirò sórí ni: ìgbálẹ̀ dúró fún báyìí, ẹyẹ dúró fún tọ̀hún. Ẹ̀kọ́ náà kò pé. Ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ béèrè ta ló pa á, ta ló pa á sí, àti ohun tó ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Aólẹ̀ ti mọ ohun tí igbá náà wí.