Ìtàn Mànílà, Owó Idẹ Ayé Àtijọ́

Bí a bá dárúkọ owó àtijọ́, owó ẹyọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rántí. Ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ Bìní títí dé Calabar, owó mìíràn wà tí a ń pè ní mànílà. Idẹ tàbí bàbà ni a fi ń ṣe é. Ó rí bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kò kan ara wọn. Okpoho ni àwọn ará Ibibio ń pè é.

Àwọn Potogí ni ó kó o dé ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gá ọkọ̀ kan nínú wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé mànílà 12 sí 15 ni a fi ń ra ẹrú kan ní Bìní. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ọba a sì máa yọ́ idẹ náà láti fi ṣe ère orí àti àwòrán ààfin. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ mànílà inú ọkọ̀ rírì wò fi hàn pé ilẹ̀ Jámánì ni púpọ̀ nínú idẹ náà ti wá. Idẹ kan náà ni ó ra ènìyàn, òun náà ni ó sì bu ọlá fún ọba.

Nígbà tí òwò ẹrú dópin, epo pupa ni a ń fi mànílà rà. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de kíkó o wọlé, síbẹ̀ àwọn ará ọjà kò fi í sílẹ̀. Èyí ni ara òṣìṣẹ́ nínú gidigidi: ṣílè ni a fi ń san owó oṣù rẹ̀, mànílà ni ẹni tí ń ta iṣu ń béèrè, iye tí a sì fi ń ṣẹ́ ọ̀kan sí èkejì kò dúró lójú kan.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù October 1948 títí di ìparí oṣù March 1949, ìjọba ra mànílà padà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ó lé ní mílíọ̀nù 32 tí wọ́n kó jọ, wọ́n sì tà á bí idẹ àlòkù. Igba péré ni a gbà kí ẹnì kan fi pamọ́ fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìyàtọ̀ kan. A san nǹkan fún àwọn onímànílà. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tí ó ra owó ẹyọ padà lọ́wọ́ àwọn baba wa. Àpò ẹyọ tí ìyá arúgbó tò jọ sí ìyẹ̀wù di ìkarahun lásán. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni owó. Aláṣẹ tí ó bá yí i padà jẹ tálákà tí ó gbà á gbọ́ ní gbèsè.