Ipasẹ̀ Ohun Ìjà tí ó Pa Ènìyàn 298

Ẹni tí ó bá bá ọdẹ wọ igbó ní agbègbè Akanran tàbí Lálúpọn yóò rí i pé ọdẹ kì í béèrè ọ̀nà tí ẹtu gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yóò wo ipasẹ̀ nínú ẹrẹ̀, yóò wo koríko tí ó tẹ̀, yóò wo ìgbẹ́ tí kò tí ì gbẹ. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu kò, ó dájú. Gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ojú ni ó ń rí i. Irú ọgbọ́n yìí ni a fi tọpa ohun ìjà kan ní ilẹ̀ òkèèrè, ó sì yẹ kí àwa náà kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2014, ọkọ̀ òfúrufú ilé iṣẹ́ Malaysia Airlines tí à ń pè ní MH17 gbéra ní Amsterdam, ó ń lọ sí Kuala Lumpur. Èrò 283 àti òṣìṣẹ́ 15 ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìlà-oòrùn Ukraine, níbi tí ìjọba ti ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí Rọ́ṣíà ń tì lẹ́yìn jagun, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan bà á, ó sì fọ́ túútúú. Inú oko nítòsí abúlé Hrabove ni àwókù rẹ̀ já sí. Kò sí ẹni tí ó yè. Ukraine ní Rọ́ṣíà àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni. Rọ́ṣíà ní Ukraine ni.

Ta wá ni ẹlẹ́rìí? Àwọn ará ìlú ni, láìmọ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an ni àwọn kan ní Donetsk, Torez àti Snizhne rí ọkọ̀ ogun Buk, tí ó máa ń ru rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Wọ́n yà á ní fọ́tò àti fídíò, àwòrán náà sì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ó kó wọn jọ ni ẹgbẹ́ Bellingcat, tí Eliot Higgins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní oṣù yẹn kan náà. Wọn kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lásán. Wọ́n fi ilé, igi àti ọ̀nà inú fọ́tò wé àwòrán sátẹ́láìtì. Wọ́n fi òjìji mọ wákàtí.

Fídíò kan fi Buk hàn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan ti dín. Rọ́ṣíà ní ìlú tí ó wà lọ́wọ́ Ukraine ni a ti yà á, ó sì tọ́ka sí pátákó ìpolówó kan. Nígbà tí a wá ibi tí pátákó náà wà, Luhansk ni, lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ẹ̀rí tí a fẹ́ fi ṣẹ́ irọ́ lẹ́yìn ni ó tú u. Àwọn awakọ̀ ní Rọ́ṣíà pẹ̀lú ti ya ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun tí ó ti Kursk wá ní oṣù Kẹfà. Bí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn ti ya bá ti Buk inú Ukraine mu, bí ìgbà tí a fi ilà ojú mọ ọmọ ilé kan.

Ẹ̀rí gbangba nìkan kọ́ ni ó dá ẹjọ́ náà. Àwọn aṣèwádìí orílẹ̀-èdè márùn-ún fi àjákù irin àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù kún un. Ní 2018 wọ́n ní ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun 53 ti Kursk ni Buk náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ Hague dá ẹ̀wọ̀n gbére fún àwọn mẹ́ta tí kò yọjú, ó sì dá ẹnì kẹrin sílẹ̀. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn: ẹ̀rí tí ó lè dá ènìyàn lẹ́bi gbọ́dọ̀ lè dá ènìyàn sílẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ní 2018, fídíò kan jáde tí àwọn ọmọ ogun ń pa obìnrin méjì àti ọmọ wọn méjì. Ìjọba Kamẹrúùnù ní irọ́ ni. BBC Africa Eye fi bí àwọn òkè ẹ̀yìn wọn ti tò mọ ibẹ̀, ní àríwá Kamẹrúùnù. Ní 2020, ilé ẹjọ́ ológun rán mẹ́rin nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Lónìí, tẹlifóònù kún ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Mọ́níyà, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní àwọn abà tí ó yí wọn ká. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀, a ó yà á, a ó fi ránṣẹ́ láìsọ ọjọ́, láìsọ ibi, a ó sì pa á rẹ́. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ fi fídíò àtijọ́ pe tuntun. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti da ẹsẹ̀ rú lórí ipasẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a pa àwòrán mọ́ bí a ti yà á gan-an, kí a kọ ọjọ́ àti ibi sí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí ipasẹ̀ tọ̀.