Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15 láì borí: ìtàn Bẹ̀nẹ̀ nínú CAN

Lónìí, ìtàn bọ́ọ̀lù ni a gbé wá. A fẹ́ sọ bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa ṣe lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, tí gbogbo wa ń pè ní CAN, tí wọ́n sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15 láì borí ẹyọ kan ṣoṣo, láti oṣù kìíní ọdún 2004 títí di oṣù kejìlá ọdún 2025.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni èèyàn fẹ́ fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ìwà tí a hù lẹ́yìn tí wọ́n nà wá sọ irú ẹni tí a jẹ́ ju góòlù tí wọ́n gbá wọlé wa lọ. Ìgbà kan wà tí a hùwà burúkú. Ìgbà kan sì wà tí a mú sùúrù, tí sùúrù náà sì so èso. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ méjèèjì.

1. Tùnísíà, 2004

Écureuils ni orúkọ ẹgbẹ́ wa nígbà náà, ìyẹn Ọ̀kẹ́rẹ́. A ti gba òmìnira fún ọdún 43 kí a tó wọ CAN fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ Gánà kan, Cecil Jones Attuquayefio, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa. Òun kan náà ló ti mú Hearts of Oak ti Àkrá gba ife àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá Áfíríkà ní ọdún 2000. Ó mú wa gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí tí Zambia, Sudan àti Tanzania wà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. A rò pé a ti gorí ìrókò.

Ọdẹ ti dúró dè wá lókè. Gúúsù Áfíríkà nà wá 2–0. Mòrókò nà wá 4–0. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, a pàdé Nàìjíríà, wọ́n nà wá 2–1. Góòlù kan ṣoṣo tí a mú bọ̀ wálé wá láti ẹsẹ̀ Moussa Latoundji, ọmọ Àjàṣẹ́, nígbà tí eré ti ń lọ sópin. Góòlù àkọ́kọ́ tí Bẹ̀nẹ̀ gbá wọlé nínú CAN nìyẹn, Nàìjíríà la sì gbá a sí.

2. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2005

Ọdún tó tẹ̀ lé e, orílẹ̀-èdè wa gbàlejò ìdíje Áfíríkà fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún. Nàìjíríà nà wá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn eré náà, àwọn kan tó pe ara wọn ní olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kọlu aṣọ́lé wa, Samiou Yessoufou, ọmọ ọdún 18, tí wọ́n ń pè ní Campos. Wọ́n lù ú pa.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló fẹ́ kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọlé, ọmọ ọlọ́mọ kú nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń ṣọ́lé ní pápá ilé ẹ̀kọ́, ẹ fojú inú wo ìyá rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sá kúrò lórí pápá. Wọ́n gbá ìdíje náà parí, wọ́n gba ipò kẹta, wọ́n sì lọ sí ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Netherlands lọ́dún kan náà. Romuald Boco, Stéphane Sessègnon àti Razak Omotoyossi wà nínú wọn. Ẹ di orúkọ Sessègnon mú, a ó padà sí i.

3. Gánà 2008, Àǹgólà 2010

Ní Sekondi, ní 2008, Màlì fi pẹ́nárítì nà wá 1–0, Côte d'Ivoire nà wá 4–1, Nàìjíríà sì nà wá 2–0. Ìṣẹ́gun lórí wa yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí Nàìjíríà rọ́nà lọ sí ìpele tó kàn, tí Màlì fi padà sílé. Omotoyossi ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí a ní. Ẹ wo orúkọ ọmọkùnrin náà dáadáa: Ọmọ́tóyọ̀sí. Èkó ni wọ́n bí i sí. Aṣọ Bẹ̀nẹ̀ ló wọ̀.

Ohun kan wà nínú ìdíje yẹn tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí. Reinhard Fabisch, ọmọ Jámánì tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, sọ ní gbangba pé ọkùnrin kan wá fi owó lọ òun kí òun lè ta eré, òun sì kọ̀ ọ́. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn CAN tí àìsàn fi mú un lọ. Ẹgbẹ́ tó pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni Fabisch darí, àmọ́ kò ta orúkọ wa.

Ní Àǹgólà, ní 2010, Michel Dussuyer, ọmọ Faransé, ló ń darí wa. A kọ́kọ́ gbá góòlù méjì sí Mosambíìkì kí eré tó pé ìṣẹ́jú 25, omijé ayọ̀ ti fẹ́ bọ́ lójú wa, wọ́n bá dá méjèèjì padà. Ọ̀mì ni, 2–2. Àmì àkọ́kọ́ tí a ní nínú CAN nìyẹn. Lẹ́yìn náà Nàìjíríà fi pẹ́nárítì Yakubu nà wá 1–0, Íjíbítì sì nà wá 2–0.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ìdíje mẹ́ta, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9, ọ̀mì 1, ìpàdánù 8. Góòlù 4 ni a gbá wọlé, 20 ni wọ́n gbá wọlé wa. Nínú gbogbo ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Nàìjíríà ló wà nínú ìsọ̀rí wa.

Àwa tí à ń sọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ mọ bí èyí ṣe rí. Inú ilé kan náà ni ẹnì kan ti ń pariwo fún Bẹ̀nẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó wá kí wọn láti Ìmẹ̀kọ ń pariwo fún Nàìjíríà. Ààlà tí àwọn aláwọ̀ funfun fà gba àárín ìdílé kọjá, ọjọ́ bọ́ọ̀lù la sì máa ń rí i kedere. Wọ́n nà wá, wọ́n tún fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lédè tiwa.

4. Títú ẹgbẹ́ ká

Oṣù kejì ọdún 2010 ni àjọ bọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀ lé Dussuyer lọ, wọ́n sì kéde pé àwọn tú ẹgbẹ́ náà ká.

Àwa nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1984, Shooting Stars ti Ìbàdàn dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá fún ife àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì nà wọ́n 2–0 ní Káírò, wọ́n tún nà wọ́n 1–0 ní Èkó. Gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọládayọ̀ Pópóọlá, fa ẹgbẹ́ náà yọ kúrò nínú ìdíje. Ẹgbẹ́ tó gba ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà ni o! Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n ń pè ní baseball, ẹgbẹ́ Cleveland Spiders pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 134 nínú 154 ní ọdún 1899. Àwọn tó ni ín ti kó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó dáa jù lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n ní ní St. Louis. Nígbà tí ọdún yẹn parí, ẹgbẹ́ náà parí.

Ẹgbẹ́ tó ní olówó lè parí. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ńkọ́? Bí o bá tú u ká lónìí, ọ̀la o ní láti kó àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà jọ. Ohun tó sọnù láàárín ni ohun tí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti kọ́. Ó di ọdún 2019 kí a tó padà sí CAN.

5. Íjíbítì, 2019

Ta ló mú wa padà? Dussuyer kan náà tí wọ́n lé ni. Wọ́n pè é padà ní 2018, ó sì gbà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 2019, a nà Tógò 2–1 ní Kùtọnu. Steve Mounié, ọmọ tí wọ́n bí ní Parakou, ló gbá góòlù tó mú wa wọlé. Ọ̀gágun àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ni Sessègnon, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ 2005 tó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ikú ẹlẹgbẹ́ wọn.

A ta ọ̀mì 2–2 pẹ̀lú Gánà, Mickaël Poté gbá méjèèjì. A ta ọ̀mì 0–0 pẹ̀lú Gíní-Bìsáù àti Kamẹrúùnù. Nítorí pé wọ́n ti fi kún iye orílẹ̀-èdè tó ń kópa di 24, àmì mẹ́ta tó láti fi kọjá. Ó wá kan Mòrókò, àwọn tó nà wá 4–0 ní 2004. Moïse Adilehou gbá tiwa wọlé, wọ́n dá a padà. Hakim Ziyech gba pẹ́nárítì nígbà tí eré fẹ́ parí, bọ́ọ̀lù lu òpó. Wọ́n lé ẹnì kan nínú tiwa jáde pẹ̀lú káàdì pupa, a ṣì dúró. Nígbà tó di pẹ́nárítì, a borí 4–1. Lẹ́yìn náà ni Sẹ̀nẹ̀gà nà wá 1–0.

Nínú ìwé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó dé orí pẹ́nárítì, ọ̀mì ni wọ́n ń kà á sí. Nítorí náà, a wà lára ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù ní Áfíríkà láì tíì borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan rí!

6. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrìndínlógún

Ní 2022, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ wa padà sí Guépards, ẹranko tó jọ àmọ̀tẹ́kùn tó sì ń sáré ju gbogbo ẹranko orí ilẹ̀ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Gernot Rohr, tó ti darí Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, gba iṣẹ́ wa. Ní oṣù kẹfà 2024, a nà Nàìjíríà 2–1 ní Abidjan, nínú ìdíje láti lọ sí ife àgbáyé. Oṣù kẹwàá 2025, nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré kí a lè lọ, Nàìjíríà nà wá 4–0 ní Úyò, ilẹ̀kùn sì tì.

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, CAN bẹ̀rẹ̀ ní Mòrókò. DR Congo nà wá 1–0. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún nìyẹn: ìpàdánù 10, ọ̀mì 5. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 2025, Yohan Roche gbá góòlù kan sí Botswana, a sì dáàbò bò ó títí wọ́n fi fọn fèrè. 1–0. Junior Olaitan àti Tosin Aiyegun, Ọláìtán àti Ayégún, wà nínú àwọn tó lọ fún wa. Èkó náà ni wọ́n ti bí Aiyegun, bíi ti Omotoyossi.

Sẹ̀nẹ̀gà tún nà wá 3–0 lẹ́yìn ìyẹn, Íjíbítì sì lé wa sílé 3–1 lẹ́yìn àfikún àkókò. Ìṣẹ́gun kan kò sọ wá di ọba Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Ìdáàṣà, ìlú òkè mọ́kànlélógójì, yẹ kí ó mọ iyì irú ìtàn yìí. Àwọn baba wa kò borí ọmọ ogun Dànhọmẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n wá kó èèyàn. Wọ́n gun orí àpáta, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá gbin iṣu nígbà tí ogun lọ. Bí ìlú wa ṣe wà títí dòní nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí a fi ìyẹn pamọ́ fún ọmọ.

Nígbà tí ọmọ yín bá béèrè ìtàn bọ́ọ̀lù wa, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Botswana. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2004. Ẹ dárúkọ Latoundji, ẹ dárúkọ Fabisch tó kọ owó, ẹ dárúkọ Campos. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó sọ fún un pé a borí.