Ọjá Ìkookò: Fúláwà Tí Ó Yẹ Kí Ènìyàn Fi Bẹ̀rẹ̀ Nínú Ilé

Ẹni tí ó bá rìn káàkiri ìlú Òsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, mọ̀ pé ewéko kì í ṣe àlejò ní àyíká ilé Yorùbá. Ẹ̀fínrín wà lẹ́yìn ilé ìdáná, pèrègún sì wà ní ààlà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a gbìn sínú ìkòkò tí a sì gbé sí pálọ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní fúláwà, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú tirẹ̀. Bí èyí àkọ́kọ́ bá kú, ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní ọwọ́ àwọn kò dára fún ọ̀gbìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, yíyàn ni kò dára.

Ohun méjì ni kí ẹni tí ó fẹ́ yàn kọ́kọ́ wò. Èkíní ni ìmọ́lẹ̀. Kí ó dúró ní ọ̀sán gangan níbi tí ó fẹ́ gbé ìkòkò sí, láìtan iná. Bí ó bá lè ka ìwé ìròyìn níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tó fún èyí tí kò le. Èkejì ni omi. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a gbẹ táútáú, eruku a bo ewé, omi kànga a sì lọ sílẹ̀. Ewéko tí ó ń bèèrè omi lójoojúmọ́ yóò di ẹrù lórí ẹni tí ó ń ra omi tàbí tí ó ń pọn ọ́n láti ọ̀nà jíjìn.

Èyí ni ọjá ìkookò, tí àwọn mìíràn ń pè ní pàṣán koríkò, fi tayọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ni orísun rẹ̀, ó sì ń hù ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ni àwọn ará London fi ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Sansevieria ni àwọn onímọ̀ ń pè é tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kó o mọ́ Dracaena, ìdílé pèrègún, ní 2017. Ewé rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ ni ó ń tọ́jú omi sí. Òru ni ó sì ń ṣí ojú ihò ewé rẹ̀, kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó láti bomi rin ín, lẹ́yìn tí a bá ti ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ tí a sì rí i pé ó gbẹ. Omi àpọ̀jù ni ó máa ń pa á, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a jẹrà.

Kò sí ìdí láti ra á. Kí a tọrọ ìdì kan pẹ̀lú gbòǹgbò lọ́wọ́ aládùúgbò, kí a gbìn ín sínú agolo tàbí ike tí a dá ihò sí nídìí, nínú iyẹ̀pẹ̀ tí a po iyanrìn mọ́. Ewé tí a gé sí wẹ́wẹ́ náà a máa hù, ṣùgbọ́n bí etí ewé náà bá ní ìlà pupa rúsúrúsú, àwọn ọmọ tí yóò yọ yóò di aláwọ̀ ewé lásán. Gbòǹgbò nìkan ni ó ń pa ìlà náà mọ́.

Ilé tí ọmọ tí ń rákòrò bá wà, kí a má gbé lẹ́fúnlọ́sùn tàbí Dieffenbachia wọ ibẹ̀, bí ó ti wù kí ẹwà wọn tó. Ìbátan kókò ni àwọn méjèèjì, ohun tí ó ń mú kí kókò tútù yún ni lọ́fun ni ó wà nínú wọn, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu àti ahọ́n ọmọ tí ó bá jẹ ẹ́ lè wú. Kí a yọ ọ́ kúrò, kí a fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjá ìkookò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun jíjẹ. Ó lè mú inú ru, nítorí náà kí a gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Omi tí ó dúró nínú abọ́ abẹ́ ìkòkò tún ń kọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn Aedes, tí ń jẹ ni lọ́sàn-án, fẹ́ràn láti yé sí, òun ni ó sì ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ní Okè Owá, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara yìí kan náà, ni a ti rí ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan tí àrùn náà kọ lù. Kí a máa da omi abọ́ náà nù, kí a sì fọ ọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìgò omi tí àwọn kan ń ki ewéko bọ̀ náà kò yọ sílẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń ní fúláwà ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́, ìwádìí tí àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1989 ni wọ́n ń tọ́ka sí. Inú àpótí tí a dé pinpin ni wọ́n ti ṣe é. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Drexel ṣírò rẹ̀ pé ewéko 10 sí 1,000 ni yóò gbà lórí mítà kan níbùú lóròó kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé tí ń jáde ń ṣe. Fèrèsé ṣíṣí sàn jù.

Nígbà tí ọjá ìkookò bá ti ń yọ ọmọ, a lè fi àbámọdá kún un lójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ewé rẹ̀ kan ṣoṣo tí a tẹ́ sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù ti tó. Etí ewé náà ni àwọn ọmọ yóò ti yọ.