Bí Mọ́ọ̀sì Ṣe Di Ohun Ìpamọ́

Mọ́ọ̀sì àti lífáwọ́ọ̀tì jẹ́ ewéko kéékèèké tí kì í yọ òdòdó, tí wọ́n máa ń bo àpáta, èèpo igi àti ògiri tí ọ̀rinrin bá mú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ríbi jókòó sí nínú hẹbéríọ́mù, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ewéko gbígbẹ fún ẹ̀kọ́. Nígbà tí Luca Ghini, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ń gbẹ ewéko pa mọ́ báyìí, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nípa ewéko ní Pisa, ní Ítálì, láàárín ọdún 1540 sí 1550, ewé oògùn ló jẹ wọ́n lógún jù.

Johann Jacob Dillenius, ọmọ Jámánì tó kó lọ sí England ní 1721, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fún wọn láyè gidi. Ó tẹ ìwé Historia Muscorum jáde ní 1741. Ó da àwọn ewéko mìíràn pọ̀ mọ́ mọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, àní títí kan àwọn tó ń hù nínú omi. Ṣùgbọ́n àwọn ewéko tó fi ṣiṣẹ́ ṣì wà ní Oxford, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn gan-an lè lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Dókítà ni Johann Hedwig. Ní Chemnitz, òwúrọ̀ ló fi ń ṣa ewéko kí ó tó lọ tọ́jú aláìsàn, alẹ́ ló sì fi ń yẹ̀ wọ́n wò. Máíkírósíkóòpù ló fi rí ẹ̀yà ara akọ àti abo lára mọ́ọ̀sì. Ó kú ní 1799. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1801, inú rẹ̀ sì ni orúkọ gbogbo mọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin ìsọlórúkọ ewéko, àfi ti oríṣi mọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Sphagnum. Geneva ni àkójọ rẹ̀ wà.

Richard Spruce, olùkọ́ ìṣirò láti Yorkshire, lo ọdún 1849 sí 1864 ní igbó Amazon àti òkè Andes. Àìsàn ti gba agbára rẹ̀ kí ó tó padà sílé. Síbẹ̀, kò jáwọ́ lára lífáwọ́ọ̀tì tó kó wálé: ní 1884 sí 1885, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí wọn. Onímọ̀ mọ́ọ̀sì, William Mitten, ló ti ṣiṣẹ́ lórí àwọn mọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣáájú.

Ìtọ́jú wọn yàtọ̀ sí ti ewéko ńlá. Wọn kì í tẹ̀ wọ́n pa, nítorí bí ewé ṣe ń ká kò nígbà tó bá gbẹ wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Atẹ́gùn ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ, wọ́n á sì dì í sínú ìwé tí wọ́n ṣẹ́ bí àpò. Wọ́n á kọ ibi tó ti wá sára àpò náà, ohun tó hù lé lórí, ọjọ́ tí wọ́n ṣa á àti orúkọ ẹni tó ṣa á. Èyí tí kò ní àkọsílẹ̀ wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, bó ti wù kó ṣọ̀wọ́n tó. Ìdìpọ̀ kan lè ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lọ́ mọ́ra wọn, iṣẹ́ sùúrù sì ni yíyà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fi omi tutù tàbí omi gbígbóná rin ín, ewé tó ti gbẹ láti ọgọ́rùn-ún ọdún á tún nà.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára àpò wọ̀nyẹn wá wúlò lọ́nà tí Hedwig kò lè rò tẹ́lẹ̀. Mọ́ọ̀sì kò ní gbòǹgbò gidi. Inú afẹ́fẹ́ àti òjò ló ti ń gba ọ̀pọ̀ oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń gba ìdọ̀tí tó bá wà níbẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1968, àwọn onímọ̀ méjì, Åke Rühling àti Germund Tyler, wọn òjé inú àwọn mọ́ọ̀sì àtijọ́ tó wà ní hẹbéríọ́mù Sweden. Wọ́n rí i pé òjé náà ń pọ̀ sí i láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí èédú jíjó gbòde, ó sì tún fò sókè lẹ́yìn 1950, nígbà tí ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù olójé pọ̀ lójú pópó.